Ibi Tí Àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì Wa Ti Ń Wá

"My son lives in Lagos. She will come on Friday." Màmá kan tó ń ránṣọ ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn nígbà tí à ń ṣe àtúnyẹ̀wò ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti màmá, wọ́n sì fẹ́ pa ìwé dé. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á dé. Ẹ wá bá wa kọ ọ́ sójú pátákó." Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, mo ní kí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sọ gbólóhùn kejì yẹn fún mi ní Yorùbá. Wọ́n ní, "Ó máa dé lọ́jọ́ Ẹtì." Mo bi wọ́n pé "ó" tí wọ́n pè yìí, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ni kẹ́kẹ́ bá pa.

Ọmọ Yorùbá tó ń ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ kì í ṣe òpè. Gírámà kan ti wà lágbárí rẹ̀ tó pé pérépéré, ìyẹn ló ń lò. "Ó" tiwa kò mọ akọ, kò mọ abo. Ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga, gbogbo wọn ló gbà. Àgbà ni Yorùbá ń wò. Bí bàbá mi bá ń bọ̀, n kò jẹ́ sọ pé "ó ń bọ̀", "wọ́n ń bọ̀" ni. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé fi máa ń kọ "My father, they are coming". Ẹ̀kọ́ ilé ló fi kọ ọ́. Kí tíṣà tó fi báírò pupa fa igi lé e, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un pé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "they" bọ̀wọ̀ fún àgbà, àti pé "he" tó bá pe bàbá rẹ̀ kì í ṣe àfojúdi rárá.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ló ta kókó jù. Bí mo bá ní "Mo jẹun", oúnjẹ ti wọ inú, ó ti kọjá. Bí mo bá wá ní "Mo mọ ilé wọn", mo ṣì mọ̀ ọ́n títí di ìsinsìnyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì dá dúró láìní àmì kankan, síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ ti àná, èkejì jẹ́ ti òní. Ohun tó fà á ni pé jẹ, lọ, rà àti sáré ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe, nígbà tí mọ̀, fẹ́, ga àti dára ń sọ bí nǹkan ṣe wà. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa. Etí wa ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ara ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló ń yí padà: "go" á di "went", "know" á di "knew". Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "Yesterday I go to market" rò pé "yesterday" ti parí iṣẹ́, bí "lánàá" ṣe ń parí rẹ̀ nílé wa. Kí á máa ka "go, went, gone" bí orin sí i létí kò lè tán an. Mo máa ń ní kó ròyìn ohun tó ṣe lánàá ní gbólóhùn mẹ́wàá, kó wá fi ìka kan ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, kó sì bi í léèrè pé: "Ṣé o ti wọ aṣọ àná?"

Ẹ wá wo "jẹ". À ń jẹ iṣu, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ ìyà, à ń jẹ èrè. Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: "eat" ni ti iṣu, "owe" ni ti gbèsè, "suffer" ni ti ìyà, "make" ni ti èrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni "gbọ́" tí a fi ń gbọ́ ariwo, tí a sì fi ń gbọ́ òórùn, tó fi di "I hear the smell". Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má kọ "owe" nìkan sínú ìwé. "Owe money" ni kó kọ, kó mọ ẹni tó ń bá a rìn.

Lórí àkànlò èdè, mi ò kì í kánjú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn: "I am sorry that your father kicked the bucket." Ó rí i nínú ìwé pé kí ènìyàn kú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwé kò purọ́, àmọ́ kò sọ ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Mo bi í pé tí ọba ìlú wọn bá kú, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Ọba wàjà." Tó bá jẹ́ bàbá arúgbó ńkọ́? "Wọ́n ti papò dà." Tó bá wá jẹ́ olè tó ń yọ àdúgbò lẹ́nu? Ó rẹ́rìn-ín: "Ó ti ta téru nípàá." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gba lẹ́tà yẹn padà, tó kọ "passed away" sí i. Àkànlò èdè kì í sì í gba àtúnṣe. Bí a kò ṣe lè sọ pé ẹnì kan ta garawa nípàá, bẹ́ẹ̀ ni "kick the basin" kò sọ nípa ikú ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ kan kàn gbá bàsíà ni.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ilé ẹ̀kọ́ tó ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Lára àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì wa tilẹ̀ ti di ọmọ onílé. "Next tomorrow", tó dúró fún ọ̀tunla wa, wọ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ní 2020, òun àti "tokunbo". Síbẹ̀, "the day after tomorrow" ni mo ń ní kí wọ́n kọ nínú ìdánwò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, màmá aránṣọ wá pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́wàá nípa ọmọ wọn tó wà l'Ékòó: "he" mẹ́jọ, "she" méjì. Kí n tó dé ìdí tábìlì wọn, wọ́n ti fi báírò fa igi lé méjèèjì.