Ẹni tó ní ìpá, ẹ fún un ní ọjọ́

Ìpá kì í ṣe ohun ìtìjú. Ìfun ló ń yọ ní abẹ́ ikùn, nítòsí itan. Bí a bá dùbúlẹ̀, ó ń wọlé padà. Àgbo kò lè dí ihò náà. Iṣẹ́ abẹ ló lè dí i.

Ní ọdún 2009, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí san owó iṣẹ́ abẹ fún aláboyún tí kò lè bí fúnra rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ìpá. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe ń dúró: ó ń dúró de owó, ó tún ń dúró de dókítà.

Lójú tèmi, «Ẹ padà wá» kì í ṣe ìdáhùn. Kí ilé ìwòsàn kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní ọjọ́, kí wọ́n sì sọ iye owó fún un. Nígbà náà ni yóò mọ ìgbà tí yóò ta àgbàdo rẹ̀. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká dá èsúsú ìlera lẹ́yìn ìkórè. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ṣùgbọ́n bí ìpá bá le, tó ń dunni, tí kò wọlé mọ́, tí aláìsàn sì ń bì, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìfun lè kú. Ì báà jẹ́ òru, ẹ gbé e lọ!