Ẹ Má Tíì Pè Mí ní Dókítà

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í wo ilé wo ọ̀nà kí wọ́n tó fún ọmọ. Ní ọjọ́ tí ìwé ìgbaniwọlé láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó bá ti tẹ ọmọ lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Ìyá rẹ̀ á di Ìyá Dókítà lọ́jà, pásítọ̀ tàbí ààfáà á sì máa fi orúkọ náà ṣàdúrà fún un. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí èmi náà ti ń jẹ́ ẹ. Ipele karùn-ún ni mo wà, n kò sì tíì di dókítà. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí ni ohun tí orúkọ náà ń ṣe fún ọmọ tí a bá fi pè kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Lórí ìwé, ọdún mẹ́fà ni. Ọdún kìíní jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì tó jinlẹ̀ ju ti girama lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ àti kẹ́míkà inú ara, tí ìdánwò ńlá kan á sì parí wọn. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ ló ń wọ ọsibítù, tí yóò máa ti wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn títí di ìdánwò àṣekágbá. Bí ó bá búra tán, ọdún kan ṣì wà tí yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn dókítà àgbà, èyí tí a ń pè ní house job, kí àjọ MDCN tó fún un ní ìwé àṣẹ kíkún.

Ọdún mẹ́fà yìí kì í sábà jẹ́ mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU gba bí oṣù mẹ́sàn-án ní ọdún 2020. Ti ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kó tó parí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní girama ti gba oyè ọlọ́dún mẹ́rin, wọ́n ti sin ìlú, wọ́n ń gba owó oṣù. Àwọn mìíràn ti ṣègbéyàwó. Ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Dókítà ṣì ń tọrọ owó gààrí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ti ìwé náà ńkọ́? Egungun 206 ló wà lára àgbàlagbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ, ibi tó ti yọ gọngọ, ibi tó ti lu àti iṣan tó so mọ́ ọn, tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ lórí. Yàrá tí a ti ń la òkú ni a ti ń kọ́ wọn. Òórùn fọ́málínì a máa bá ni dé ìdí àwo oúnjẹ. Máàkì 50 nínú 100 ni ìyege. Ẹni tó gba 49 ti fìdí rẹmi nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe ipò kìíní láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa, bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì kan náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ìkẹyìn.

Síbẹ̀, ìwé kọ́ ló nira jù. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́ta kan wá tí ibà ti fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ gbẹ. Ìyá rẹ̀ rí kóòtù funfun lára mi, ó di ọwọ́ mi mú: "Dókítà mi, ẹ má jẹ́ kó kú o."

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mà. Ẹ jẹ́ kí n pe dókítà fún yín."

Dókítà sáré dé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára, wọ́n fún un ní ọ́síjìn, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kan náà, a ní ìdánwò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi pè mí. "Dókítà wa, báwo ni ìwé?"

"Ó ń lọ dáadáa, sà."

Ohun tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni Dókítà yóò sunkún sí létí?

Orúkọ tí ẹbí fi ń gbé wa ga lè di wá lẹ́nu. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè ní òun kò mọ̀, ó lè ní ó rẹ òun, ó lè kùnà kó sì tún un ṣe. Dókítà kò láyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan kùnà nínú ìdánwò ńlá tí mo sọ yẹn, wọ́n sì ní kó tún kíláàsì náà ṣe. Odindi ọdún kan ni kò fi sọ nílé. Nígbà ọdún Kérésì, ó ní iṣẹ́ pọ̀ fún òun ní ọsibítù, bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ ọsibítù. Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀ níkẹyìn, ohun tí ìyá náà kọ́kọ́ bi í ni pé: "Láti ìgbà yẹn, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ìbínú tó ti ń bẹ̀rù kò wáyé. Ó ti wọ ọsibítù báyìí, kíláàsì kan lẹ́yìn wa, ó sì mọ orúkọ egungun jù mí lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, àbúrò tàbí àfẹ́sọ́nà nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ máa fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ pè é. Ẹ bi í bóyá ó jẹun, bóyá ó sùn, kí ẹ tó béèrè máàkì. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́, ẹ má fi "nígbà tí o bá di dókítà" tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹ má sì fi àwòrán làpálàpá ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé kó kọ oògùn. Òfin kò tíì fún un láṣẹ. Bí ó bá ní òun kùnà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìwé yìí kì í ṣe àdákà. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ó jọ máa bi ara yín ní ìbéèrè. Ẹ máa sùn, nítorí inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà lójúmọ́. Bí iṣẹ́ bá ń wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ lọ bá olùkọ́ tó ń mójú tó kíláàsì yín kí ìdánwò tó dé. Bí oorun bá sì kọ̀, tí oúnjẹ kò wù yín, tí ayé sú yín, ẹ má fi pamọ́: ọsibítù ni a wà, àwọn tó ń tọ́jú irú rẹ̀ kò jìnnà. Kò sí òfin tó ní ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn kò gbọdọ̀ ṣàìsàn.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó gbé ọwọ́ sókè, tí a ó sì búra. Lọ́jọ́ náà, ẹ pè wá ní Dókítà títí ẹnu yóò fi ro yín. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ jẹ́ kí a ṣì máa jẹ́ ọmọ yín.