Ọgbọ́n Ọdún Yìí, Wèrè Ẹ̀míì

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ̀yin ìyá wa má ṣe torí rẹ̀ ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ilé, ó sì kan ọ̀nà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń gbá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, tí àwọn ọmọ yunifásítì wọn ń gbá ní ọjọ́ Sátidé níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn tí ń jẹ́ orúkọ Yorùbá ti bá wọn gbá a. Adewale Ogunleye gbá a fún Yunifásítì Indiana, Akin Ayodele gbá a fún Purdue, Remi àbúrò rẹ̀ sì gbá a fún Oklahoma.

Eré náà jọ ayò ọlọ́pọ́n ju bí ó ti jọ bọ́ọ̀lù tiwa lọ. Ènìyàn 11 ni ó wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú 4 láti fi sún síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, a óò tún fún wọn ní 4 mìíràn. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Lẹ́yìn ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan, eré á dúró díẹ̀, nígbà náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò pàṣẹ ohun tí olúkúlùkù máa ṣe. Àmì ọwọ́ àti àwòrán ara pátákó ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2024, àjọ NCAA tí ń ṣàkóso eré náà ti gbà kí rédíò kékeré wà nínú àṣíborí agbábọ́ọ̀lù kan, ní ìpele tí ó ga jùlọ.

Eré tí ń dúró báyìí ṣeé kà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, àwọn alátakò á jókòó ti fíìmù, wọ́n á máa ṣírò. Bí ó bá di ìgbìyànjú kẹta tí yáàdì sì ku díẹ̀, ọwọ́ wo ni wọ́n máa ń sá gbà? Bí ẹni gíga yẹn bá dúró lápá òsì, ta ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù fún? Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó bá ń ṣe ohun kan náà, ní ibì kan náà, ní àkókò kan náà, ti fi àṣírí ara rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Àwọn baba wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo Darrell Royal, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Texas. Ní ọdún 1963, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní 1965, 1966 àti 1967, ẹ̀ẹ̀mẹrin mẹ́rin ni wọ́n fìdí rẹmi lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Royal kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ní 1968, ó gba Emory Bellard, igbákejì rẹ̀, láyè láti gbé ètò tuntun kalẹ̀. Wishbone ni wọ́n sọ ètò náà, ìyẹn orúkọ egungun oníga méjì tí ó wà ní àyà adìẹ, nítorí bí wọ́n ti ń tò jọ ọ́.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Adarí-eré wà níwájú, ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, méjì sì wà lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi alátakò kan sílẹ̀ láìdí i lọ́nà, adarí-eré á sì máa ṣọ́ ọ. Bí onítọ̀hún kò bá kọjú sí ẹni àárín, ẹni àárín ni ó ni bọ́ọ̀lù. Bí ó bá kọjú sí i, adarí-eré á gbé e sá fúnra rẹ̀. Bí alátakò mìíràn bá tún pàdé òun náà, á jù ú sí ẹni tí ń sá tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ènìyàn ní pápá ni ó mọ̀ pé Texas yóò sáré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí bọ́ọ̀lù máa bá lọ. Àwọn ọmọ Texas pàápàá kò tí ì mọ̀, àfi bí alátakò bá gbé ẹsẹ̀.

Ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbá, òun àti Houston ta ọ̀mì, 20 sí 20. Nínú ìkejì, Texas Tech nà wọ́n, 31 sí 22. Ẹlòmíràn ìbá ti padà sí ọ̀nà àtijọ́. Royal kò padà; James Street ni ó fi ṣe adarí-eré, ó sì tẹ̀ síwájú. Láti ìgbà náà, 30 ìdíje ni Texas jẹ léraléra.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 1970, wọ́n na Notre Dame ní ìlú Dallas, 21 sí 17. Ara Parseghian, akọ́nimọ̀ọ́gbá Notre Dame, lọ ro ó. Nígbà tí ọdún yípo, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 1971, ẹgbẹ́ méjèèjì tún pàdé ní Dallas. Parseghian to àwọn ọmọ rẹ̀ kọjú sí ti Texas bí ẹni wo dígí, olúkúlùkù sì mọ ẹni tirẹ̀. Notre Dame jẹ, 24 sí 11. Ibẹ̀ ni 30 náà parí sí. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.

Ẹnì kejì ni Bear Bryant, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Alabama. Ó ti ṣe ipò kìn-ín-ní ní 1961, 1964 àti 1965. Ṣùgbọ́n ní 1969 àti 1970, ẹ̀ẹ̀marùn-ún márùn-ún ni wọ́n nà án lọ́dún. Ní ọjọ́ 12 oṣù September 1970, USC láti Los Angeles wá bá a nílé, ní Birmingham, wọ́n fún un ní 42 sí 21. Sam Cunningham, ọmọ adúláwọ̀, gbé bọ́ọ̀lù sá ní yáàdì 135 lọ́jọ́ náà. Títí di ìgbà yẹn, adúláwọ̀ kan kò tí ì gbá ìdíje fún Alabama. Wọ́n ti gba Wilbur Jackson sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà kò gba ọmọ ọdún kìn-ín-ní láyè láti bá wọn gbá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1971, Bryant gbéra, ó tọ Royal lọ láti kọ́ Wishbone. Ẹ má gbàgbé pé ọdún 11 ni ó fi ju Royal lọ. Ẹni tí ó ti dé adé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó lọ jókòó níwájú àbúrò, tí ó ní kí ó kọ́ òun. Ó padà sílé, ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù September 1971, wọ́n lọ bá USC ní Los Angeles. Ohun tí USC ti múra sílẹ̀ dè kọ́ ni wọ́n rí. Alabama jẹ, 17 sí 10. John Mitchell, adúláwọ̀, wà lára àwọn tí ó gbá a, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó wọ pápá fún wọn. Ìdíje 11 ni wọ́n jẹ kí Nebraska tó dá wọn dúró ní January 1972, 38 sí 6.

Àṣà méjì ni ó yí padà níbẹ̀: bí wọ́n ti ń sáré, àti ẹni tí wọ́n ń jẹ́ kí ó sá. Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré tó fún ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ti èkejì gbà, nígbà tí àwọn ọmọ adúláwọ̀ ìpínlẹ̀ náà ti lọ ń bá ilé ẹ̀kọ́ ibòmíràn gbá.

Ìtàn irú èyí kò ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ní ọdún 5 lẹ́yìn Hijira, ìyẹn 627, àwọn Kùráìṣì kó ogun bo Mẹ̀dínà. Wọ́n mọ bí Lárúbáwá ti ń jagun, ní gbangba, ojú ko ojú. Salman ará Páṣíà ni ó dá ìmọ̀ràn pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà. Ànábì wa Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kò wí pé àlejò ni. Ó gba ìmọ̀ràn náà, ó sì bá wọn gbẹ́ ilẹ̀. Ẹṣin ọ̀tá dé etí yàrà, wọ́n dúró.

A kò wí pé kí ènìyàn máa pààrọ̀ ìwà lójoojúmọ́ o. Ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní mọ ọ̀kan dunjú. Royal fara da ọ̀mì kan àti ìfìdírẹmi kan kí tirẹ̀ tó yọrí. Ohun tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi ń ṣe ni pé, ní ọ̀sẹ̀ tí wọn kò bá ní ìdíje, wọ́n á wo fíìmù ara wọn bí ẹni pé ọ̀tá ni wọ́n. Wọ́n á ka àṣà ara wọn kí ẹlòmíràn tó kà á. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti kà á, kì í ṣe òun ni wọn yóò gbá mọ́lẹ̀ ní Sátidé. Ọmọ ọlọ́mọ, ẹni ọdún 19 tàbí 20, ni yóò fi egungun san gbèsè agídí rẹ̀.

Baálé ilé, ìyá ọlọ́jà, ọ̀gá iṣẹ́, àáfà ilé kéwú, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni gbogbo wa. Bí igbe kan náà ni a fi ń bá ọmọ wí láti ọdún mẹ́wàá, ọmọ náà ti mọ ibi tí yóò gbà kọjá. Kí a tó sùn lálẹ́ òní, kí a ṣírò ara wa: èwo ni mo ń ṣe nítorí pé ó dára, èwo sì ni mo ń ṣe nítorí pé ó ti mọ́ mi lára? Ta ni ó kéré sí mi tí ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ?

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní ọgbọ́n tí ó bá ìgbà mu, kí Ó sì fún wa ní ìrẹ̀lẹ̀ láti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní i. Àmín.