Ẹ́ńjìnnì Òmìrán Lórí Ọ̀nà Híhá

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, ojú irin kò kan ilẹ̀ yín rí, síbẹ̀ obì gbànja yín gun reluwé lọ sí Òkè Ọya fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà ọ̀ràn yìí kàn yín. Àwọn kan ṣì wà tí ń yin àwọn Òyìnbó aláṣẹ pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe reluwé wa. Ọgbọ́n ta ni?

Ní 1896 tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 ni wọ́n fi sí àárín irin méjèèjì. Ti ilẹ̀ wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8½. Owó ni wọ́n ń ṣọ́. Nígbà tí ẹ̀pà Kánò àti èédú Enugu wá pọ̀, wọn kò fẹ ọ̀nà náà. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fẹ́ sọ di òmìrán.

Wọ́n ra Garratt lọ́wọ́ Beyer Peacock ti Manchester: ẹ́ńjìnnì méjì lábẹ́ bọ́ílà kan, tí a pín ìwúwo rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ púpọ̀ kí irin má baà ṣẹ́. Ẹni tó rò ó gbọ́n, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n orí àwọn ẹsẹ̀ tí ń fa ẹrù gan-an ni omi àti èédú rẹ̀ wà. Bí ó ti ń mu omi, tí ó ń jó èédú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀ lórí irin, pàápàá bí òjò bá rọ̀ tí òkè sì wà níwájú. Ẹrù kò dín kù o. Agbára ìdìmú ni ó dín.

Àléébù mìíràn wà lára ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ẹ́ńjìnnì eléèédú: irin wíwúwo tí a so mọ́ ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n a máa lu ojú irin bí òòlù. Bí eré bá ti pọ̀ tó ni lílù náà ń le tó. Ooru tí ó sì di iṣẹ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá; ìyókù bá èéfín lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rọ èédú sínú iná yìí wà lára àwọn tí Michael Imoudu ṣíwájú nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ 1945. Owó oúnjẹ ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ní 2021 a ṣí ọ̀nà fífẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn. Dísẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti kọ́ ọ. Abẹ́òkúta ni ó gbà, kò yà sí Ṣágámù. Ẹrù Àpápá ṣì ń fi tírélà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín.

A ń béèrè pé kí ìjọba tó ra ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́rù mìíràn, kí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ síwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa ní Èbúté-Mẹ́ta, kí a sì tẹ ìwúwo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde fún gbogbo ìlú láti kà, kí kọ́bọ̀ kan tó jáde.