Ẹ̀yin Káfíńtà, Imú Yín Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ kí ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà má ṣí ojú ìwé yìí kọjá, torí inú igbá ẹ̀lùbọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìràwọ̀ ni mo lọ, ní Òkè-Ògùn níbẹ̀, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá yìí ti ń gbẹ́ àga kí wọ́n tó bí mi. Iwájú ilé rẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lábẹ́ páànù tí wọ́n nà jáde láti ara ilé. Ìyàwó rẹ̀, tí mò ń pè ní màmá, ń ta ẹ̀lùbọ́. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ló ń pàtẹ sí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà, kò sí asọ̀, àfìgbà tí bàbá ra dírílì.

Kí n má purọ́, èmi ni mo bá a dé Ṣakí lọ rà á. Èmi náà ni mo ní kí ó ra nǹkan ìdángi tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Rọ́bà róbótó kan ni, irin gba àárín rẹ̀ kọjá. Sáńpépà tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ bí òrùka ni wọ́n ń fi wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń dé nọ́ọ̀tì orí rẹ̀, rọ́bà á wú, á sì di sáńpépà náà mú pinpin. Ẹ ó ki ìdí irin bọ ẹnu dírílì, ẹ ó tan iná, ó di fíìrì! Apá àga tó tẹ̀ kọrọdọ, orí bẹ́ẹ̀dì tó rí wọ́gọwọ̀gọ, gbogbo ibi tí ìfági pẹlẹbẹ kò lè wọ̀, ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti mọ iṣẹ́ ṣe. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ọwọ́ ha láti àárọ̀ di ọ̀sán, bàbá á parí rẹ̀ kí omi àmàlà tó hó.

Inú bàbá dùn. Inú màmá kò dùn. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí oníbàárà kan fi gbé ẹ̀lùbọ́ padà wá, ó ní àmàlà tí òun rò ń dún kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn eyín. Nígbà tí màmá yẹ igbá wò, eruku pupa igi apá ti bò ó lórí. Ni màmá bá yarí.

"Baálé mi, ẹ wo ẹ̀lùbọ́ mi! Ṣé igi lẹ ní kí n máa tà ni?"

Bàbá ní, "Ṣebí eruku lásán ni. Gbọ̀n ọ́n dànù."

"Ẹ ní kí n gbọ̀n ọ́n dànù. Ikọ́ tí ẹ ń wú láti ọjọ́ Ajé ńkọ́? Ṣé òun náà ṣeé gbọ̀n dànù?"

Bàbá dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, torí ẹnu mi ni bàbá gbọ́ tó fi ra ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo kúrò ní Ìràwọ̀, mo wá ìdí ọ̀rọ̀ eruku yìí, ohun tí mo rí kà sì bà mí lẹ́rù. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, High Wycombe ni wọ́n ń pè é. Bí a ṣe mọ Ìsẹ́yìn mọ aṣọ òfì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ ìlú yẹn mọ àga. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1969, dókítà obìnrin kan tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun níbẹ̀, Esmé Hadfield, rí i pé jẹjẹrẹ inú imú, tó jẹ́ àìsàn tó ṣọ̀wọ́n, ń pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń kan àga. Òun àtàwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé àwọn dókítà lọ́dún 1968. Eruku igi ni wọ́n nàka sí, kì í ṣe fáníìṣì. Lọ́dún 1995, àjọ àgbáyé tó ń wádìí jẹjẹrẹ, tó wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé, fi eruku igi sí ìsọ̀rí kìíní, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ìsọ̀rí yẹn náà ni sìgá wà. Kò túmọ̀ sí pé eruku igi burú tó sìgá o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sí iyèméjì níbẹ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe sọ iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí èyí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbẹ́ igi ló máa ṣe. Àmọ́ kì í yá wá. Ó lè gbà tó ogún ọdún sí ogójì kó tó yọjú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé kò sí nǹkan kan. Imú dídí, ikọ́, ikọ́ fée àti ara yíyún ní tiwọn kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbẹ́ ìrókò gbígbẹ rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé àtijọ́ kò ní eruku ni? Ó ní. Àmọ́ ohun tí ìfági bá fá, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ti ayùn náà tóbi díẹ̀. Ẹ̀rọ sáńpépà ló ń lọ igi kúnná bí àtíkè, èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí, ó sì máa ń rá bàbà lójú afẹ́fẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Mo padà sí Ìràwọ̀, èmi àti bàbá sì jókòó sọ ọ́. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí, kí ẹ̀yin náà mú èyí tó bá yín lára mu.

Èkínní, a gbé iṣẹ́ dídán kúrò níwájú ilé lọ sábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó jìnnà sí ààrò, ó jìnnà sí ẹ̀lùbọ́. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ dúró kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá, kó máa gbé eruku lọ kúrò lójú yín.

Èkejì, aṣọ ìnujú tí ẹ fi di imú kò tó, eruku kíkúnná ń gba inú rẹ̀ wọlé. Ìbomú tí wọ́n kọ N95 sí lára ni kí ẹ rà, irú èyí tí a mọ̀ nígbà kòrónà lọ́dún 2020. Kó lẹ̀ mọ́ ojú yín dáadáa.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ayùn tàbí fáìlì gé igi súnmọ́ ojú ìlà kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ sí i. Igi tí ẹ̀rọ bá jẹ kéré, eruku náà á kéré. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí títẹ̀ ń ba ọrùn dírílì jẹ́. Ẹ má jẹ́ kó dúró lójú kan, á gbẹ́ kòtò, á sì jó igi dúdú. Ibi tí ẹ̀rọ ń yí bọ̀ ni kí ẹ máa ti igi lọ pàdé rẹ̀; bí wọ́n bá jọ dojú kọ ọ̀nà kan, ó lè já igi gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi sáńpépà 80 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi 120 tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fọwọ́ parí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kò sí apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, kò sí ìborùn, kò sí ìbọ̀wọ́ nídìí ohun tó ń yí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ má sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyàwó àtàwọn ọmọdé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kó eruku igi lọ dáná, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ kí ẹ tó kó o.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Akọ̀wé, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ṣebí imú mi ṣì wà lójú mi?"

Màmá ló dá a lóhùn: "Ibẹ̀ náà la fẹ́ kó wà o."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì já ẹ̀rín náà gbà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló jẹ́ ká mú òun lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Ó ń lo ìbomú báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá kí i ló ń torí rẹ̀ ṣí i. Ẹ̀lùbọ́ màmá sì ti mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àga, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Bí káfíńtà bá fi owó ìbomú kún iye rẹ̀, ẹ má fi ìnájà yọ ọ́ kúrò. Bó bá ní ọjọ́ márùn-ún lòun máa lò, ẹ má ní ọ̀la lẹ fẹ́ ẹ. Káfíńtà tó bá ní ọgbọ́n mìíràn lórí eruku yìí, kó kọ lẹ́tà sí wa, a ó gbé e jáde. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.