ỌMỌ OLÓGBÒ NÍNÚ ILÉ

Láti ìgbà tí ọmọ ológbò kan ti wọ ilé wa ní Ìlọrin níhìn-ín ni oorun òru ti di ọ̀wọ́n. Ó ń gun aṣọ ojú fèrèsé, ó sì ti jí wàrà ìyá àwọn ọmọ wa jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará ilé ní kí a nà án.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Eré yìí ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń ba de ẹsẹ̀ ọmọdé lónìí ni yóò ba de eku lọ́la. Bí a bá nà án, yóò sá lọ; àwọn àgbà sì wí pé, bí ológìnní bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté.

Ọ̀ràn eku kì í ṣe ti gààrí nìkan. Ibà Lásà, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lásà ní Borno, ń ti ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan tí ó fara kan oúnjẹ ran ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ka ológbò sísìn mọ́ ohun tí ń lé eku jìnnà.

Nítorí náà, ẹ máa bo oúnjẹ: olè kékeré náà yóò jáwọ́, eku kì yóò sì rí nǹkan jẹ. Ní alẹ́, ẹ fi àkísà tí a ká bí bọ́ọ̀lù bá a ṣeré, kí ẹ sì fún un ní ẹja díẹ̀, yóò sùn. Bí ó bá pé oṣù 3, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Pẹ̀lú sùúrù, aláìgbọ́ran òní yóò di olùṣọ́ ilé lọ́la.