Apá Gbogbo Ọmọ Ni Kí Wọ́n Wọ̀n

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ilé ìwòsàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni àgbà ọjà.

Bí ìyá kan ní Ìjàgbo bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ sí ilé ìwòsàn, yálà nílùú rẹ̀ tàbí ní Ọ̀fà tó múlé tì í, ibà ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Bí nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ bá máa ń wọn apá ọmọ, àìjẹunrekánú tó fara pamọ́ sábẹ́ ibà yóò hàn. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń fi ojú díwọ̀n, oògùn ibà nìkan ni ọmọ náà yóò gbà lọ sílé. Kò yẹ kí ẹ̀mí ọmọ rọ̀ mọ́ irú òṣìṣẹ́ tó bá pàdé.

Ojú máa ń tan ni jẹ. Láti ọdún 1935 tí dókítà Cicely Williams ti fi orúkọ kwashiorkor, tó gbọ́ lẹ́nu àwọn Gá ní Gánà, han aráyé ni a ti mọ̀ pé ebi lè mú kí ara ọmọ wú, kí aláìmọ̀kan sì pè é ní ọmọ tó sanra.

Àyẹ̀wò náà kò le. Fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5, bí apá kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọ̀ràn ti le. Bó bá tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tó 12.5, ó ń fẹ́ àmójútó. Kí wọ́n sì fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ bá jìn tí kò tètè kún, ọ̀ràn ti le, ohun yòówù kí téèpù sọ. Àmọ́ bí ẹnì kan bá fa téèpù le, tí ẹlòmíràn dẹ̀ ẹ́, ọmọ kan náà yóò di aláìsàn lọ́wọ́ ọ̀kan, yóò sì di ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ́wọ́ èkejì.

Ilẹ̀ Yorùbá ti fi ọ̀nà hàn rí. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ń wọn àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé déédéé, ó ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì tí ìyá ń tọ́jú sílé. Àṣà tí kì í yẹ̀ ni agbára ètò náà.

Òótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ kò tó, èrò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n wíwọn apá kò gba ìṣẹ́jú kan. Kí ó di ara ohun tí a ń ṣe nídìí òṣùwọ̀n, kí ọmọ tó rí dókítà. Kí a kọ iye rẹ̀ sínú káàdì. Kí ọ̀gá nọ́ọ̀sì máa yẹ káàdì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí a kò wọ̀n ni ebi ń rí pa láìsí ẹlẹ́rìí.